Ohun Tí Ìyá Nìkan Lè Ṣe àti Ohun Tí Gbogbo Ilé Lè Ṣe

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn òbí ní Ìkòròdú)

Ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ pọn ọ̀kan wá, tí ẹ tún fa méjì lọ́wọ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Olúwa yóò dá wọn sí fún wa. Mo júbà Kábíyèsí, Ayangbúrẹ̀n tìlú Ìkòròdú: kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ ìyàwó tí ẹ pa iṣẹ́ Sátidé tì nítorí ìpàdé yìí, ẹ ṣé é púpọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ọmọ bá ké nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, kí ìyá rẹ̀ má ṣe dìde jáde. Ẹ fún un lọ́mú níbi tí ẹ jókòó sí. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré; ẹkún ọmọ kò lè dí ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí obìnrin tó ní ọmọ kéékèèké mẹ́ta, mẹ́rin, tí ìkókó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe lè máa ṣe é tí kò fi ní ṣubú lulẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbẹ̀bí nílùú yìí ni wọ́n fi ń bi mí: “Nọ́ọ̀sì, kí ni kí obìnrin náà ṣe?” Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè yẹn padà lónìí. Kí ni àwa tí a yí i ká ń ṣe? Nítorí mi ò tíì rí abiyamọ tí kò lágbára. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń ṣubú, ọwọ́ kejì ni wọn ò ní.

ÒWÚRỌ̀ OBÌNRIN KAN

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Agric níbí. Mo gba àyè lẹ́nu rẹ̀ kí n tó máa sọ èyí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 7. Èkejì, ọmọ ọdún 5. Ẹ̀kẹta ò tíì pé ọdún méjì. Ìkókó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa: ẹni tí kò bá tíì kọjá Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, inú gosíló ni yóò ti jẹun àárọ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni bàbá ti ń jáde nílé, ó ń di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọlé.

Ìkókó jí ní aago méjì òru, ó mu ọmú. Ó tún jí ní aago mẹ́rin. Kí ìyá tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ̀kẹta ti tọ̀ sórí ẹní. Ó pààrọ̀ aṣọ fún un, ó sá ẹní. Ó gbé omi kaná. Àkọ́bí ń wá ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, èkejì ní òun ò wẹ̀. Ògì ń hó lórí sítóòfù, ìkókó ń ké nínú yàrá, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì dì mọ́ ìró ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kó gbẹ́sẹ̀. Ó pọn ìkókó, ó gbé ẹ̀kẹta sápá, ó fi ẹsẹ̀ mú àwọn méjì tó kù dé ilé ìwé. Ó padà. Ó fọ aṣọ. Ó fún ọmọ lọ́mú. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí ó tó rántí pé òun ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ògì tí ọmọ mu kù, tó ti dì, ló bù mu.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo dé ilé rẹ̀. Kí ni mo bá? Àlejò mẹ́ta láti ẹbí ọkọ jókòó sí pálọ̀, wọ́n wá kí i kú ewu ọmọ. Ìyá ìkókó wà nídìí iná, ó ń ro àmàlà fún wọn. Láti pálọ̀ ni wọ́n ti ń yìn ín: “Akọni ni ìyàwó wa o! Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́!”

Ta ló ní kò rẹ̀ ẹ́? Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sùn lọ níbẹ̀, tòun tọmọ lẹ́yìn.

Ìyìn yẹn ni mo wá bá yín jà lé lórí, ẹ̀yin èèyàn mi. À ń yin obìnrin fún àìsùn. À ń yìn ín fún ebi. Bó bá ní “ó rẹ̀ mí”, a ó ní àwọn ìyá wa bí mẹ́wàá, ẹnu wọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n bí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n inú agboolé ni wọ́n bí wọn sí. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀. Ìyálé wà níbẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ìkókó kì í sáré dé ìdí ààrò. Nísinsìnyí ńkọ́? Yàrá kan àti pálọ̀, ilẹ̀kùn irin, aládùúgbò tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. A gba iṣẹ́ agboolé kúrò lọ́wọ́ agboolé, a kó gbogbo rẹ̀ lé obìnrin kan lórí, a wá ń yìn ín pé kò ṣubú. Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Níbo ni igba ojú yẹn wà nínú ilé yín?

KÍ NI ÌYÁ NÌKAN LÈ ṢE?

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dúró lé nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ilé tí ìkókó wà, méjì péré ni kò sí ẹni tó lè bá ìyá ṣe é. Èkíní, fífún ọmọ lọ́mú. Èkejì, kí ara òun fúnra rẹ̀ san. Méjì péré. Gbogbo ìyókù, ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì lè ṣe é.

Ẹ má fojú kéré fífún ọmọ lọ́mú. Ìkókó máa ń mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, tọ̀sán tòru. Bó bá ń gba ìdajì wákàtí nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó jókòó fún ọmọ lọ́mú wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe pè é kó dìde wá bu omi fún yín mu.

Ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń sọ nìyẹn, ohun tí ojú èmi náà sì rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Kí ọmọ sì ti dé ẹnu ọmú kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Omi ọmú tó kọ́kọ́ jáde, tó pọ́n bíi ẹyin, ẹ má dà á nù, òun ló kọ́kọ́ ń dáàbò bo ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí ti omi yẹn. Ẹ ní ooru ń mú, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Mo bẹ̀ yín, omi ló pọ̀ jù nínú omi ọmú, ó tó ìpín 88 nínú 100. Òùngbẹ ọmọ ti wà nínú ọmú. Omi tí a bá fún un níta ló ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé, ó sì ń jẹ́ kí inú ọmọ kún kí ó tó dé ẹnu ọmú. Bí ọmọ kò bá mu ọmú dáadáa, ọmú yóò dín kù. Ooru bá ń mú? Ìyá ni kí ẹ fún lómi. Ẹ bu ife omi ńlá kan tì í nígbàkigbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú.

Ohun tí ẹ̀yin ìyá àgbà mọ̀ jù wá lọ pọ̀. Bí ẹ ṣe ń wẹ ìkókó lórí itan, tí ẹ ń nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n tó yín. Ẹ wẹ̀ ẹ́. Ìwọ́ ọmọ nìkan ni kí ẹ má fi nǹkan kan sí: kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe àdí, kì í ṣe ewé tí a gún. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn, ni kí ẹ fi sí i. Bí ẹ bá sì ti wẹ ọmọ tán, ẹ gbá a mọ́ra kí ìyá rẹ̀ lè sùn fún wákàtí méjì. Wákàtí méjì yẹn, mo fẹ́ ẹ ju ọbẹ̀ ẹja tí ẹ máa sè fún un lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nílò ọbẹ̀ ẹja náà.

Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin bàbá. Fọganáísà kan wà ní Ìgbógbó. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ àwọn méjì tó wà láàárín ní gbogbo àárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìta gbangba ló ti ń wẹ̀ wọ́n, lẹ́bàá kànga. Àwọn ará àdúgbò ní ìyàwó rẹ̀ ti fi nǹkan sí oúnjẹ fún un jẹ. Ẹnìkan pè é létí ọ̀nà, ó bi í pé ṣé kò sí obìnrin nílé rẹ̀ ni. Ó dáhùn pé, “Ọmọ mi ni mò ń wẹ̀, kì í ṣe ọmọ aládùúgbò.” Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, ọkùnrin kejì gbé ike omi jáde ní ilé kejì, òun náà ń wẹ tirẹ̀. Mo fojú mi rí i.

Ẹ̀yin àlejò tó ń lọ kí ìyá ìkókó, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ má dúró kí ó se fún yín. Bí ẹ bá dé tí ẹ bá aṣọ nínú omi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ tó jókòó.

ÀWỌN ỌMỌ TÓ TI WÀ NÍLẸ̀

Ibi tí a kì í sọ̀rọ̀ dé nìyí. Bí ìkókó bá dé, ta ni a máa ń rán níṣẹ́ jù? Àkọ́bí obìnrin. Ó máa gbọ́ pé “ìwọ ti di ìyá báyìí.” Mo ti rí ọmọ ọdún 8 tó ń pọn ìkókó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ó lè mú ìtẹ̀dí wá, ó lè kọ orin fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni, ìyá kọ́. Kó má gbé omi gbígbóná. Kó má dá nìkan wà pẹ̀lú iná àti ìkókó. Kó má pa ilé ìwé jẹ. Bí ẹ bá sì ní ọmọkùnrin ọdún 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni òun ń gbá?

Ẹni tí ìkókó lé kúrò lẹ́yìn ìyá ńkọ́? Ọmọ tí kì í tọ̀ sílé mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Á fẹ́ fa ìkókó lẹ́sẹ̀. Á ní òun náà fẹ́ mu ọmú. A máa ń sọ pé ó ti ya ọmọ burúkú, a ó nà án. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó gbé e pọ̀n láti ọjọ́ tó ti dáyé, òun náà ló gbé ẹlòmíràn pọ̀n lónìí. Ẹ má nà án. Kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n mú un lọ́wọ́ jáde, kí ìyá sì ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un lójúmọ́ nígbà tí ìkókó bá sùn, kí ó gbé e lé itan, kó bá a sọ̀rọ̀. Ìtọ̀ yẹn á dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ojú ìyá bá wà lára ìkókó ni ewu máa ń bá àwọn tó kù. Kẹrosíìnì tí a rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ ọdún méjì kò mọ̀ pé kì í ṣe mímu. Ẹ gbé e sókè, ẹ tì í pa. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì, nítorí bí ó bá bì í, kẹrosíìnì náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù omi, ẹ dé kànga.

ỌKÀN ÌYÁ

Mo fẹ́ kí gbogbo ilé dákẹ́ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni mo fẹ́ sọ síta.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, obìnrin lè máa sunkún láìnídìí. Ìyẹn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò lè jẹun, tí kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí kò rí ayọ̀ kankan nínú ọmọ, tó ń sọ pé ìbá sàn kí òun má sí láyé, àìsàn nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lágbàáyé, bíi 13 ni àìsàn ọkàn ń bá jà, ìrẹ̀wẹ̀sì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bíi tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ẹ wo obìnrin márùn-ún tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Kì í ṣe àìmoore. Kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ẹ má sọ fún un pé àwọn kan ń wá ọmọ lójú méjèèjì. Ó mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń mú kó fi ojú pamọ́.

Abísínwín tún le ju ìyẹn lọ. Bí ìyá ìkókó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun, tí kò sùn rárá fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba wà fún un ní Yábàá. Oògùn wà, ó sì ń gbọ́ oògùn. Mo mọ obìnrin tó ní in, tó sàn, tó ń ta aṣọ ní Sábó lónìí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a pàtẹ. Ẹ̀wọ̀n kò wo abísínwín sàn rí. Ẹgba kò wò ó sàn.

ÀLÀFO LÁÀÁRÍN ỌMỌ

Láyé ìyá-ìyá wa, obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ. Ọdún méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, kí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú. Ẹ lè ní ó le fún ọkùnrin. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń fi àlàfo sáàárín àwọn ọmọ. A ju àṣà yẹn nù, a kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mẹ́rin fi ń wà nínú ilé tí àgbà wọn kò tíì ju ọdún 7 lọ.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé, lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, kó tó oṣù 24 ó kéré tán kó tó tún gbìyànjú láti lóyún. Ọ̀pọ̀ yín gbà pé obìnrin tó bá ṣì ń fún ọmọ lọ́mú kò lè lóyún. Ó lè lóyún! Ọmú ń dènà oyún kìkì bí nǹkan mẹ́ta bá pé pọ̀: ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán tòru, nǹkan oṣù kò sì tíì padà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò yẹn ti lọ. Ẹ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín fún ìfètò sọ́mọ bíbí, ẹ sì lọ ní tọkọtaya. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé obìnrin ló máa yọ́ lọ bí ẹni tó jalè.

Ti iṣẹ́ ìjọba àti ti iléeṣẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ní kí abiyamọ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ máa rí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ bèèrè rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ní 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá bí ọmọ àkọ́kọ́ tàbí èkejì, ó sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ 10. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ ìwé ìsinmi fún ẹni tó ń ta tòmátì ní Ìta-Ẹlẹ́wà? Ta ló máa kọ ọ́ fún ẹni tó ń yan ẹja ní Báyékù? Ọkọ rẹ̀ ni, ìyá ọkọ rẹ̀ ni, àti ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kàn án lọ́jà, tó lè bá a tajà dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó sì kó owó rẹ̀ pé.

ÌBÉÈRÈ KAN

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Òkùnkùn ni mò ń jáde, òkùnkùn ni mò ń wọlé. Kí ni èmi lè ṣe?” Mo fẹ́ràn ìbéèrè náà, nítorí òun ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ìdáhùn mi nìyí:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o bèèrè. Aago mẹ́sàn-án lo ń wọlé, àbí? Jẹun, wẹ̀, kí o wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ di aago méjìlá. Bí ọmọ bá mu ọmú tán, ìwọ ni kí o gbé e lé èjìká títí yóò fi gùfẹ̀. Ìwọ ni kí o pààrọ̀ ìtẹ̀dí rẹ̀, kí o tẹ́ ẹ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, má ṣe dojú rẹ̀ bolẹ̀. Pọn omi àárọ̀ sílẹ̀. To aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé síbi kan, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó pé. Ní Sátidé, kó gbogbo àwọn tó ti ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, kí ìyàwó rẹ ti ilẹ̀kùn kó sùn.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tún wà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, lẹ́yìn náà oṣù kẹsàn-án fún ti èèyi àti ibà apọ́njú, àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún fún èkejì ti èèyi. Gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn, kí o gbé ọmọ lọ fúnra rẹ. Kí ó mu ọmú yó kí ẹ tó kúrò nílé. Mú káàdì rẹ̀ dání, mú ìtẹ̀dí méjì àti aṣọ ìpààrọ̀ kan, kí o sì tètè dé kí èrò tó pọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, má bẹ̀rù. Bi nọ́ọ̀sì kí o tó kúrò níbẹ̀, yóò sọ oògùn tí wàá fún un àti bó ṣe yẹ kó tó.